Àpótí Ìbò Saltgate

Marlby, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejì, Oṣù Keje, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ojú òjò, ẹ sì kú ọdún Iléyá tó kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ṣé àgbò tí mo fowó rẹ̀ ránṣẹ́ sanra bí Tahirah ṣe wí, àbí ibi tó ti fẹ̀ ló ti yà á ní fọ́tò?

Mo mọ̀ pé etí yín kò gba fóònù mọ́. Lọ́jọ́ Iléyá tí mo pè, mo ní ẹ kú ọdún, ẹ ní ó ti jinná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Mo ń fọwọ́ kọ ọ́, mo ń yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù Tahirah, àbúrò mi, kó lè lọ tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Jobele. Ẹ̀yin náà ẹ máa kọ tiyín, kó máa yà á. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ láti Oṣù Karùn-ún. Ẹyọ kan lẹ dá padà. Ìlà mẹ́fà ni, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì dá lórí páànù ilé.

Ara mi le. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó náà ni mo ṣì ń ṣe. Ọ̀kan wà nínú àwọn tí wọ́n yàn fún mi tó ń jẹ́ Bàbá Amos. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí, ó sì ti wà ní ìlú yìí láti ọdún 1961. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò kọṣẹ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń fún un lóúnjẹ. Òun náà ń fún mi ní ìtàn.

Ìtàn kan ṣoṣo ló ní: ìtàn ẹkùn ìdìbò Saltgate. Saltgate ni àárín ìlú níbí, ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ òwú wà tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń yan ẹnìkan láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìbò tó ṣojú Bàbá Amos ló kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀. Ọdún 1964 ló kọ́kọ́ dìbò. Onílé rẹ̀ ní, "Amos, ìbò àwọn funfun nìyẹn o." Ó ní òun dá a lóhùn pé, "Owó ilé tí ò ń gbà lọ́wọ́ mi ńkọ́, ṣé ti àwọn funfun náà ni?" Ìbò mọ́kànlélógójì ni ẹgbẹ́ òṣèlú aláwọ̀ pupa fi borí lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì tún un kà. Ní 1974, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dìbò láàárín ọdún kan: ẹgbẹ́ aláwọ̀ búlúù gbà á, kí ọdún sì tó parí, pupa gbà á padà. Ní 1983, búlúù fi ìbò méje gbà á. Méje péré, Bàbá! Amos ní ilé kan tí wọ́n sùn gbàgbé ni, pé òun mọ ilé náà, òun kò sì kí wọn mọ́ títí di òní.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ òwú kógbá wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ. Ìjọba ka orí, wọ́n ní èrò Saltgate kò pọ̀ tó mọ́. Wọn yóò pín in sọ́nà mẹ́ta fún àwọn ẹkùn tó yí i ká bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran ìkómọ. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò parẹ́. Àmọ́ aṣòfin tó ń ṣojú rẹ̀ ṣàìsàn, ó fipò sílẹ̀, nítorí náà ó ku ìbò kan tí Saltgate máa dì kó tó parẹ́. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí ni. Òfin wọn gba ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí láyè láti dìbò. Mo ti forúkọ sílẹ̀. Amos ti fi ìbò tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú àpò ìwé. Ó ní kí n bá òun fojú rí ìgbẹ̀yìn Saltgate.

Ẹ fèsì o. Ìlà mẹ́fà kò tó.

Ọmọ yín,
Sofiyullah


Ilora
Ọjọ́ keje, Oṣù Keje, 2023

Sofiyullah, Àlàmú ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nílẹ̀ olótùútù yẹn. Àgbò náà sanra. A fún àwọn ará ilé kejì nínú rẹ̀, a sì fún Nathaniel, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ní Fìdítì. Ó ní Onítẹ̀bọmi ni òun, àmọ́ ẹran kò mọ ẹ̀sìn. Páànù ilé ṣì ń jò.

Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ ìbò tí o kọ, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ẹni tó lọ ṣe lébìrà lóko olóko kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ oyè. Bí wọ́n bá fẹ́ pín Saltgate sọ́nà mẹ́ta, kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́wàá.

O mọ ohun tí ojú mi rí ní 1983. N kò fi pamọ́ fún yín rí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, èmi sì ni ajẹ́ńtì ẹgbẹ́ wa ní ibùdó ìdìbò àdúgbò wa. Láti òwúrọ̀ ni mo jókòó ti àpótí, n kò jẹ, n kò mu. Ìrun Àsárì nìkan ni mo dìde lọ kí, rákáà mẹ́rin péré. Kí n tó sálámà, àpótí ti lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilé ní Ilora. Òórùn yẹn kò tíì kúrò nímú mi.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ṣe iṣẹ́ rẹ, wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn. Má lọ. Mo bẹ̀ ọ́, mo sì tún pa á láṣẹ.

Ummu-Salamah, ọmọ ilé kejì, ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan o.

Bàbá rẹ,
Sìrájù


Marlby
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Keje, 2023

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Tahirah, bí o bá ń kà á ṣáájú wọn, kọ́kọ́ fún wọn lómi, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ ládùúgbò.

Mo lọ. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni mo dé ibẹ̀. Wọ́n wo ìwé ìrìnnà mi, wọ́n fún mi ní bébà kan. Bàbá, pẹ́ńsù ni wọ́n ní kí n fi ṣe àmì sí i! Pẹ́ńsù tí rọ́bà lè pa rẹ́! Mo ṣe é, mo sọ ọ́ sínú àpótí. Mo wá bi obìnrin tó ṣe ọ̀gá ibẹ̀ pé, "Mà, aago mélòó lẹ máa kà á?"

Ó ní, "Kì í ṣe ibí la ti ń kà á. A máa gbé e lọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá."

"Ta ló máa bá a lọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin nìkan?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èdìdì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìbò tí èèyàn kò bá dúró tì, kì í ṣe òun ló dì í. Ní Oṣù Kẹta tí wọ́n dìbò gómìnà nílé, Tahirah sọ fún mi bí èrò ṣe yí tábìlì ká ní Ilora, tí òṣìṣẹ́ ń gbé ìwé ìbò sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ènìyàn ń bá a kà á lóhùn kan: ení, èjì, ẹ̀ta, títí tó fi tán. Bí mo ṣe mọ ìbò nìyẹn. Ni mo bá jókòó sórí ògiri kékeré kan tó kọjú sí ilẹ̀kùn wọn. Obìnrin náà gbé tíì jáde fún mi. Ìyá arúgbó kan rò pé mọ́tò ni mò ń dúró dè, ó fún mi ní bisikíìtì méjì. N kò kúrò níbẹ̀. Ìrun gan-an, mo kí i lórí koríko wọn, mo sì kọ ojú sí ilẹ̀kùn ju gábàsì lọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n tì í. Lásìkò yìí, ojú ọ̀run níbí ṣì mọ́ bí ìrọ̀lẹ́ tiwa. Obìnrin náà àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àpótí jáde sínú mọ́tò kékeré kan. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ." Ó ní rárá. Mo ní kó jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn, n kò ní sọ̀rọ̀. Ó ní kí n yẹ̀ lọ́nà. Ni mo bá di etí àpótí náà mú.

N kò fà á, Bàbá. Mo kàn dì í mú ni. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin yẹn yí padà. Mo rí ẹ̀rù nínú ojú ẹni tó fún mi ní tíì, ìyẹn sì dùn mí ju ohun tó tẹ̀lé e lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pe ọlọ́pàá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dá mi sílẹ̀.

Wọ́n ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún Oṣù Kẹjọ. Ìwé kan yóò wà nílẹ̀ tí mo lè tọwọ́ bọ̀. Tí mo bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọn kò ní gbé mi lọ sí kóòtù. Kọ́ńpìnnì ti ní kí n lọ jókòó sílé ná. Kọ́ńpìnnì yìí náà ló mú mi wá: tí wọ́n bá lé mi, ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba máa fún mi láti kẹ́rù.

Àpótí náà dé ibi tó ń lọ láyọ̀. Wọ́n kà á. Pupa fi ìbò mẹ́tàlélọ́gọ́rin borí. Kò sí ohun tó ṣe é. Èmi nìkan ni nǹkan ṣe.

Ẹ má bínú.

Ọmọ yín,
Sofiyullah


Ilora
Ogúnjọ́, Oṣù Keje, 2023

Sofiyullah,

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ka lẹ́tà rẹ. N kò lè kà á lẹ́ẹ̀kejì. Tahirah ló fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi.

Mo ní kí o má lọ. Mo bẹ̀ ọ́, mo pa á láṣẹ, o sì lọ. Láti kékeré ni orí rẹ ti le bí èkùrọ́. Ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tíṣà ní kí o sọ pé ìwọ lo fọ́ àwo tó fọ́ kó má bàa na gbogbo kíláàsì, o ní ìwọ kọ́ ni, wọ́n na gbogbo yín títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí lo jẹ nínú ìyẹn?

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́, dọ̀bálẹ̀. Tọwọ́ bọ ìwé wọn. Bẹ̀ wọ́n. Níbí, bí wọ́n bá pe ọmọdé síwájú àgbà, bó jẹ̀bi, bí kò jẹ̀bi, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi àyà rẹ̀ kàn. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ti bọ́ nínú ewu. Mo sọ ọ́ fún Nathaniel láì dárúkọ rẹ. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun fi ṣe ọlọ́pàá, ẹni tó bá ti bẹ̀bẹ̀ kì í pẹ́ ní àgọ́ àwọn, àwọn tó ń jiyàn ló máa ń sùn síbẹ̀.

Kí ni ìwé jẹ́? Ìwé lásán ni. Tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ọkàn wa lè balẹ̀.

Bí o bá kọ̀, tó jẹ́ pé orí kunkun yẹn náà lo fẹ́ lò fún ìjọba aláwọ̀ funfun, má kọ "Bàbá mi" sórí lẹ́tà sí mi mọ́.

Sìrájù


Marlby
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Keje, 2023

Bàbá mi,

Mo ṣì lè kọ ọ́, torí pé n kò tíì kọ̀.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà, kí ẹ má ṣe fò ó kọjá sí ibi ọ̀rọ̀ páànù, torí pé kò sí páànù nínú rẹ̀.

Ìjọba fún mi ní lọ́yà kan láìgba kọ́bọ̀, obìnrin kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé ìwé náà fún mi. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe ìkìlọ̀ lásán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé èmi Sofiyullah jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ gba àpótí ìbò mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Tí mo bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹnu ara mi jẹ́wọ́. Ìgbàkígbà tí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti yọjú. Kò sẹ́ni tó máa fi arúgbó rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ mọ́. Kò sí iṣẹ́, kò sí físà. Tí n kò bá sì tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n lè gbé mi lọ sí kóòtù, wọ́n sì lè fi mí sílẹ̀. Lọ́yà ní òun kò lè fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀.

Nílé, tí mo bá dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, kò ní kí n jẹ̀bi. Níbí, wọn kì í wo ìdọ̀bálẹ̀. Ìwé ni wọ́n ń wò. Ohun tí ìwé bá wí ni wọn óò pè mí títí ayé.

Mo sọ fún lọ́yà pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ìwé ti ara mi, kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tí mo dẹ́rù bà. Mo dẹ́rù bà á lóòótọ́, mo sì máa kọ ọ́. Ó ní òun á fún wọn, àmọ́ kò dí ìwé tiwọn lọ́wọ́.

Bàbá, mo lọ dìbò nígbà tí ẹ ní kí n má lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fi ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ dè mí rí. Èyí ni àkọ́kọ́, ó sì ń dẹ́rù bà mí ju ọlọ́pàá lọ. Ẹ gbà mí láyè kí n má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyí.

Mo sì fẹ́ bi yín ní ohun kan, ẹ má pè é ní àfojúdi. Ṣé ẹ ti tọwọ́ bọ ohun tí ẹ kò ṣe rí? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ọkàn yín balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Sofiyullah


Marlby
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ, 2023

Bàbá,

Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń wo fóònù. Tahirah ní ẹ ka lẹ́tà mi, ẹ ká a, ẹ fi sábẹ́ fìlà. Ó ní ẹ kì í lọ sóko mọ́, pé ẹ kàn ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣé inú ló ń bí yín tó bẹ́ẹ̀? Ẹ bú mi. Èébú dára ju èyí lọ.

N kò jáde. Owó ilé ń bọ̀. Kọ́ńpìnnì kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá làwọn ń dúró dè. Wọ́n ní kí n má dé ọ̀dọ̀ Bàbá Amos, àmọ́ ẹni tó gbapò mi ṣòfófó fún mi pé bàbá náà kì í jẹun fún òun. Ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Sofi dà? Ṣé wọ́n ti pín òun náà sọ́nà mẹ́ta ni?"

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Tí lẹ́tà yín kò bá dé, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ yín. Mo máa tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún lọ́yà. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Mo ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó kàn mi orí.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Kó tiẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́fà.

Sofiyullah


Ilora
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹjọ, 2023

Ọmọ mi,

Mo ní kí Tahirah jáde kí n tó mú bírò. Mo mọ̀ pé òun náà ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò. Kó kà á. Ó tó gẹ́ẹ́.

O bi mí ní ìbéèrè kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá irọ́ tí n óò fi dá ọ lóhùn, n kò rí èyí tó dára tó ti tẹ́lẹ̀.

N kò kí ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó jí àpótí. Ojú gbogbo wa ni wọ́n ṣe tú u, Àáfà Babátúndé, ẹni tó kọ́ mi ní kéwú, ló ń ka ìbò náà sókè, tí èrò ń bá a kà á. Ẹgbẹ́ tiwa ní irínwó ó lé méjìlá. Àwọn yòókù ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. À ń jó. Aago márùn-ún ni mọ́tò kan dé pẹ̀lú ìwé èsì tí wọ́n ti kọ síbòmíràn. Wọ́n ti yí i padà: tiwa ti di mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọwọ́ ajẹ́ńtì nìkan ló kù lórí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó nà mí, Àlàmú. Kò sẹ́ni tó yọ àdá. Àwọn àgbà àdúgbò ló pè mí sẹ́yìn ògiri. Wọ́n ní, "Sìrájù, ọmọ dáadáa, tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ìlú lè tòrò. Kí ni ìwé jẹ́? Ìwé lásán ni." Ọ̀kan nínú wọn na bírò sí mi. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Wọ́n ṣì jó ilé. Àáfà Babátúndé ń pariwo kiri pé irọ́ ni èsì yẹn, pé òun ni òun kà á. Ó ní kí wọ́n wá bi Sìrájù, pé Sìrájù kò ní purọ́. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi hàn án lórí ìwé. Ilé rẹ̀ ni àwọn tọ́ọ̀gì kọ́kọ́ tinábọ̀. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Akinmorin, ibẹ̀ ló sì kú sí. N kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ogójì ọdún ni mo fi ìrun tí n kò kí bo ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ mọ́lẹ̀. Ìrun, Sofiyullah! N kò rí nǹkan mìíràn fi bò ó. Nígbà tí mo sì ń kọ́ yín pé kí ẹ dúró ti ìbò yín, ẹ rò pé ìṣọ́ra ni mò ń kọ́ yín. Ìtìjú ni.

Nígbà tí wàhálà tìrẹ dé, ẹ̀rù bà mí, mo la ẹnu, ohùn àwọn àgbà yẹn ló jáde. Mo tún lẹ́tà tí mo kọ sí ọ kà. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni, kò yẹ̀ lójú kan.

Má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá dá ọ padà, oko gbágùúdá ń bẹ, ilé tó ń jò ń bẹ. Má tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bàbá rẹ, bí o bá ṣì fẹ́,
Sìrájù


Marlby
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2023

Bàbá mi,

Àná, ọjọ́ Jímọ̀, ni lẹ́tà yín tó dé. Tahirah ní láti ọjọ́ Sátidé tí ẹ ti kọ ọ́ ni tírànsífọ́mà àdúgbò ti jó, tí fóònù rẹ̀ ti kú fin-ín-fin-ín, tí ṣọ́ọ̀bù Jobele sì ti tilẹ̀kùn. Nítorí náà mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ọjọ́bọ̀ láìrí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ.

Ọ̀gá onírùngbọ̀n pupa kan ló tẹ́ ìwé náà síwájú mi. Lọ́yà mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí ọ̀gá náà kà á sókè. Ó kà á. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ jí àpótí náà?"

Mo ní, "Rárá."

"Ṣé o rò pé obìnrin yẹn fẹ́ jí i?"

"Rárá. Ó fún mi ní tíì."

"Kí lo wá ń fẹ́?"

"Mo fẹ́ bá ìbò mi dé ibi tó ń lọ."

"Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi ló kọ́ mi."

Ó wo lọ́yà, ó wo mí. "Kí ni bàbá rẹ wí nísinsìnyí?"

"Wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ ìwé yín."

"Tọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà náà."

Lọ́yà wúkọ́. Mo mú bírò. Ìlérí tí mo ṣe fún yín wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ mú un ṣẹ, mo fi Ọlọ́run búra. Mo gbé ẹnu bírò lé ibẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lókè ibi tí n óò kọ orúkọ mi sí, pé mo jẹ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi bírò sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. N kò ṣe é."

Ó ní, "Bàbá rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá mi kò sí níbẹ̀."

Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi jókòó. Lọ́yà fún mi ní súìtì kan. Nígbà tí ọ̀gá náà padà wọlé, ó ní obìnrin àpótí náà ti ka ìwé àforíjì tí mo kọ, pé ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó ní ẹjọ́ ti parí, pé wọn óò kọ̀wé sí kọ́ńpìnnì. Ó ní lọ́jọ́ mìíràn, kí n máa lọ sílé tí mo bá dìbò tán. Kọ́ńpìnnì ti pè mí láàárọ̀ yìí: ọjọ́ Ajé ni n óò padà sẹ́nu iṣẹ́.

N kò yọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sí ibùdókọ̀, mọ́tò mẹ́ta kọjá n kò wọ̀ ọ́. Mo ní físà lọ́wọ́, n kò ní bàbá mọ́. Bí mo ṣe kà á nìyẹn. Títí di ọ̀sán Jímọ̀ ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Mo mú bébà láti kọ̀wé sí yín, n kò mọ bí n óò ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí ẹ ti ní kí n má kọ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni fóònù dún.

Mo ti ka ohun tí ẹ ṣe ní 1983. Inú bí mi. N kò lè purọ́ fún yín. Iye ìgbà tí ẹ sọ ìtàn ìrun yẹn níwájú àlejò, tí mo sì ń yangàn pé bàbá mi ni! N kò mọ ohun tí n óò ṣe sí i, ó sì máa pẹ́ kí n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́. Ẹ lè má kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀yin ni bàbá mi, n kò sì wá òmíràn.

Ohun kan ló kù. Lánàá, kété tí mo sọ fún Tahirah pé n kò tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ẹ bọ́ síta, ẹ wọ ọ̀kadà lọ bá Nathaniel ní Fìdítì. Ó ní ẹ sọ fún un pé, "Mo kọ̀wé sí ọmọ mi pé kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Rárá o, Bàbá. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ni, mo sì mọ̀ pé ó wù yín kó rí bẹ́ẹ̀. Ó wu èmi náà. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ padà lọ bá Nathaniel, kí ẹ sọ ọ́ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀: pé àṣẹ tí ẹ pa fún mi ni pé kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́, pé mo kọ̀, àti pé lẹ́yìn tí mo kọ̀ tán ni lẹ́tà yín tó dé.

Ọmọ yín,
Sofiyullah